Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣàìsàn Tí Wọ́n Fẹ́ Sin

"Ta ló kú? Mo ní ta ló kú, tí ẹ fi ti kẹ̀kẹ́ òkú wá sẹ́nu ọ̀nà mi?"

Ìyá Ìwọ̀n kò tilẹ̀ dìde lórí àpótí tí ó jókòó lé. Ó ń fi ọ̀bẹ bẹ́ etí awọ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tí Ọ̀gá Wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ tì wọ iyàrá tí wọ́n ti ń ṣe bàtà nílé ìwòsàn náà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ òkú, mà. Èyí tí a fi ń kó páálí oògùn ni."

"Gbé káàárọ̀ rẹ dání. Ẹni tó wá gbé òkú kì í kí ará ilé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wo kọ̀ǹpútà mi bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Fọwọ́ kàn án. Ṣé ara rẹ̀ gbóná ni? Ṣé ó ń wúkọ́? Ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn lẹ fẹ́ lọ sin?"

Ọ̀gá Wáyà dorí kodò. Òun ni olórí àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, nítorí kò sí ọjọ́ tí wáyà kì í rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bí ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà. Ó mọ̀ pé Ìyá Ìwọ̀n tó ìyá tó lè bí òun, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lówùúrọ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ tí ọmọ ń jẹ́ fún ìyá.

"Kì í ṣe àìsàn, mà. Ọjọ́ orí ni. Ọpọlọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ìran keje ni. Ètò àkóso tuntun tí wọ́n gbé jáde, láti ìran kẹjọ sókè ló ń gbà. Ìran keje àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n."

"Àwọn tó ṣe ètò náà, ṣebí àwọn kan náà ló ta ti àtijọ́ fún wa, tí wọ́n ní ìran keje ni ọba gbogbo wọn?"

"Àwọn ni, mà."

"Wọ́n wá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí! Ìyàwó kékeré ò tíì gbé ẹrù sílẹ̀ tán, wọ́n ti ní ìyálé kì í ṣe ará ilé mọ́."

Obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, ó wá fún bàtà rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ òsì sórí ìjókòó kékeré kan níwájú rẹ̀. "Ọ̀gá Wáyà," ó ní, "èmi náà ti pẹ́ láyé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ mí wò dáadáa kí ẹ má baà gbé mi mọ́ ọn."

Kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà má baà sọnù, báyìí ni ọ̀rọ̀ náà rí. Kọ̀ǹpútà ní ọpọlọ kan tí ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀. Ó tún ní ètò àkóso kan, tí í ṣe bí alábòójútó ilé: òun ló ń jí ọpọlọ láàárọ̀, òun ló ń sọ ohun tí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi hàn, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olè tí ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn tí ń ṣe ọpọlọ ń bí ìran tuntun, ìran kọ̀ọ̀kan a sì fi díẹ̀ yá ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àwọn tí ń ṣe ètò àkóso ni yóò wá jókòó, tí wọn yóò fa ìlà sílẹ̀ pé àwọn tó wà lókè ìlà ni àwọn yóò máa tọ́jú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ètò àtijọ́ tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ a di ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ olè. Nítorí náà ni ilé ìwòsàn ṣe pàṣẹ pé kọ̀ǹpútà yòówù tí kò bá lè gba ètò tuntun gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Àṣẹ náà ní orí, ó ní ìdí. Ṣùgbọ́n ta ló fa ìlà? Ta ló bi ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà léèrè?

Ìgbà kan wà tí ohun èlò máa ń bá ènìyàn dàgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rà lọ́mọge, ọmọ rẹ̀ a fi kọ́ṣẹ́, ọmọ-ọmọ a sì fi rán aṣọ ilé-ìwé. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já, wọn a ra òmíràn. Bí ó bá ń dún, wọn a ta epo sí i. Kò sí ẹni tí í wá kan ilẹ̀kùn láti sọ pé òwú tòde òní kò gba abẹ́rẹ́ ìran yẹn mọ́. Lóde òní, ohun tí kò bàjẹ́ ni wọ́n ń pè ní àkísà, ẹni tó bá sì bínú, wọn a ní ojú rẹ̀ kò tíì là.

Ọwọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ni Ìyá Ìwọ̀n ti kọ́ bàtà. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín sí ìránkúrán. Bí okùn bá yà bàrà lára awọ, a tú gbogbo rẹ̀, a ní kí oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò bá lè gbẹ́ ẹsẹ̀ kò tíì lè rán bàtà. Wọn a kọ́kọ́ fi okùn wọn ẹsẹ̀ oníbàárà, wọn a fi igi gbẹ́ irú rẹ̀, wọn a sì rán awọ mọ́ ẹsẹ̀ onígi yìí. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá ní kí ó jókòó, yóò kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àga. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí òun wá tọrọ rẹ̀, bàtà òun ló kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú òun.

Nígbà tí ilé ìwòsàn gbà á, àwọn tí bàtà ọjà kò gbà ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ẹni tí wọ́n gé ọmọ ìka rẹ̀, ẹni tí àtọ̀gbẹ ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di igi tí kò mọ ìgbà tí ìṣó gún un. Ó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi fún wọn, títí wọ́n fi gbé kọ̀ǹpútà ńlá náà dé pẹ̀lú dígí rẹ̀. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà. Oníṣẹ́ líle ni, ara rẹ̀ sì wúwo bí àpótí irin. Aláìsàn yóò gun orí dígí, iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò sáré kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, tòun ti gbogbo kókó àti kòtò rẹ̀. Ìyá Ìwọ̀n yóò máa yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Bí ó bá ti tún un ṣe tán, ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tó wà ní ilé kejì yóò gbẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

"Kọ̀ǹpútà tuntun yín wà nínú páálí lọ́dọ̀ mi," Ọ̀gá Wáyà ní. "Ìran kejìlá ni, mà. Ó yá bí àṣá."

"Ṣé dígí mi yóò wọ inú rẹ̀?"

Ọ̀gá Wáyà yíjú sí dígí náà. Okùn dígí náà ní orí fífẹ̀ kan, ihò kan tó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ń wọ̀. Àwọn tó ṣe dígí náà ti kógbá sílé. Kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ẹnu tó lè gbé irú okùn bẹ́ẹ̀ mì.

"Kò ní wọ̀ ọ́, mà."

"Kí ni yóò wá máa ṣe níbí?"

"Yóò... yóò máa yá kíákíá."

"Yóò máa yá kíákíá lọ síbo?"

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Egbò kan wà lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná. Dókítà ti sọ ọ́ láì fi ohunkóhun bò ó: bí egbò náà bá tún la ẹnu, gígé ni. Bàtà ọjà kò gbọ́dọ̀ kan án. Wọn kò sì lè fi ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n máa ń fi omi pò láti di egungun tó bá ṣẹ́ wọn ẹsẹ̀ náà, nítorí awọ tuntun tó bo egbò kò lè gba omi àti ìfúnmọ́ rẹ̀. Okùn ìwọ̀n kò sì lè mọ kókó àti kòtò abẹ́ ẹsẹ̀ náà; dígí nìkan ló lè wò ó láì ni ín lára. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ló sì fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fi ń jẹun.

"Ọ̀gá Wáyà," Ìyá Ìwọ̀n ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo fa ìlà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ inú ẹ̀rọ. Ṣé kò sí bí a ṣe lè fi ètò tuntun náà gun ìran keje ní tipátipá?"

"Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà, mà. A lè tan ètò náà kó má bi ọpọlọ léèrè ìran tó ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ò fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwa la ni ín."

"Tàn án."

"Màmá..."

"Mo ní kí o tàn án! Wọ́n ti tan àwa náà jẹ, ṣebí?"

Ọ̀gá Wáyà kì í ṣe aláìnímọ̀. Ó kọ́kọ́ yọ díìsìkì àtijọ́, èyí tí ètò àtijọ́ àti ẹsẹ̀ gbogbo àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó tọ́jú rẹ̀. Ó fi díìsìkì òfìfo rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ètò tuntun sórí ìyẹn. Kí oòrùn tó kọjá àtàrí, ètò tuntun ti jókòó lórí ọpọlọ ìran keje bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Dígí tàn. Aránṣọ gun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ. Ìyá Ìwọ̀n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí Aránṣọ máa lọ sílé, kí ó má fi ẹsẹ̀ náà tẹ ohunkóhun, bàtà ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, awakọ̀ àjàgbé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi ìkánjú wá awò ojú rẹ̀ tó wà lórí orí ara rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, mo ti fi ìran keje jẹ oyè ìran kẹjọ lónìí!"

"O ṣeun. Ẹ fi tipátipá wúyè."

"Ṣé inú rẹ ò dùn ni?"

"Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a tì kó tó dáná, a kì í pa iná rẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn." Ó rí awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ ti pa á kí o tó máa bọ̀?"

"A ti pa á."

"Háà," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì gbé awò ojú náà wọ̀.

Nígbà tí ó tan kọ̀ǹpútà náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀: àtúnṣe ti wọlé, kí ó ní sùúrù. Ó ní sùúrù. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó mọ́lẹ̀, ó tún ṣókùnkùn. Ó ń dìde, ó ń ṣubú, bí ọ̀mùtí tó fẹ́ di ògiri mú níbi tí kò sí ògiri. Wọ́n pe Ọ̀gá Wáyà. Ó wò ó títí.

"Àtúnṣe tó wọlé lálẹ́ àná ní àṣẹ kan nínú tí ọpọlọ ìran keje ò gbọ́ rárá. Ó ń pè é, kò jẹ́. Kò lè kọjá ibẹ̀."

"Ẹsẹ̀ Aránṣọ ńkọ́?"

"Orí díìsìkì tí àtúnṣe bà jẹ́ yìí ló wà, mà."

Bí Ìyá Ìwọ̀n ṣe gbaná jẹ nìyẹn. Ó bú àwọn tó ṣe ètò, ó bú àwọn tó ṣe ọpọlọ, ó bú àwọn tó kógbá sílé pẹ̀lú ìmọ̀ dígí wọn. Nígbà tí kò rí ẹni jíjìnnà tí yóò bú mọ́, ó yíjú sí ẹni ìtòsí. "Ìwọ náà! Wáyà lọ́rùn, wáyà lápò, o ò lè dí ilẹ̀kùn mọ́ àtúnṣe kan ṣoṣo!"

Ọ̀rọ̀ náà ta Ọ̀gá Wáyà. "Màmá, ẹ ní kí n tàn án, mo tàn án. Mo sọ fún yín pé àwa la ni ohun tó bá yọ. Kí n tún wá bi yín o: àwọn ẹsẹ̀ onígi yín dà? Nígbà tí kọ̀ǹpútà yìí dé, ta ló kó wọn fún àwọn ilé ìdáná pé kí wọ́n fi dáná, pé ìran wọn ti lọ? Àwọn tó ṣe ètò kọ́ o. Ẹ̀yin ni!"

Ìyá Ìwọ̀n wo ògiri níbi tí pákó àwọn ẹsẹ̀ onígi ti wà tẹ́lẹ̀. Àmì ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dì wọ́n sínú àpò, ó sì tún ń kọrin.

"O ti sọ̀rọ̀," ó ní. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ sí ìyá, ṣùgbọ́n o ti sọ ọ́."

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi a bínú tó bá wù mí. Díìsìkì àtijọ́ ńkọ́?"

"Ó wà bí ẹ ṣe rí i. Bí mo bá dá a padà báyìí, kọ̀ǹpútà yóò jí. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ ò gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà tó so gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn pọ̀. Àfi bí Alákòóso ilé ìwòsàn bá fọwọ́ sí i."

"Dìde, ká lọ."

Alákòóso jẹ́ ọkùnrin kan tí tábìlì rẹ̀ mọ́ débi pé ènìyàn yóò rò pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ó gbọ́ wọn tán, ó mi orí. "Màmá, bí mo bá fi ti yín sílẹ̀, àwọn yòókù yóò ní kí n fi tiwọn náà sílẹ̀. Àṣẹ náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

"Kí ni àṣẹ náà ń bẹ̀rù, ọmọ mi?"

"Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mà. Bí ó bá gba ara kọ̀ǹpútà kan wọlé, a fi dé ara gbogbo wọn."

"Níbo ni yóò gbà wọlé?"

"Ojú wáyà ni."

"Tí a bá yọ wáyà ńkọ́?"

Alákòóso wo Ọ̀gá Wáyà. Ọ̀gá Wáyà wo ilẹ̀. "Bí a bá yọ ọ́, mà," ni Alákòóso ní, "ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnìkan kò ní tún kì í bọ̀ ọ́? Àwọn tí yóò sì kó gbogbo kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ ti ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìwọ̀n ti dìde dúró. "Kí wọ́n máa bọ̀! Ẹ gbọ́, ẹni tó ra kọ̀ǹpútà yìí kò sọ pé ó sú òun. Èmi tí mo ń lò ó kò sọ pé kò wúlò mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ gan-an kò kùnà nínú ìṣirò kan rí. Àwọn kan tí wọn kò mọ ojú ọ̀nà ilé yìí ló jókòó níbi kan, tí wọ́n ní ó ti kú, gbogbo wa sì ń sáré wá posí kiri. Obìnrin kan wà nílé báyìí tó na ẹsẹ̀ sórí àga, tí kò lè tẹ ẹ̀rọ tó fi ń jẹun, nítorí mo ní bàtà ń bọ̀. Bí egbò rẹ̀ bá tún là, ẹ̀yin lẹ máa pàṣẹ fún ọ̀bẹ, àbí àwọn tó fa ìlà? Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ẹni tí màá mú un wá bá."

Alákòóso fi ìka tẹ tábìlì rẹ̀ tó mọ́.

"Ọ̀gá Wáyà," ó ní, "ṣé o lè dí ihò wáyà yẹn pa?"

"Mo lè fi gọ́ọ̀mù dí i, sà. Kò sẹ́ni tó máa rí ohun kì bọ̀ ọ́ mọ́."

"Dí i pa. Kí kọ̀ǹpútà náà dá dúró. Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ gbọ́ o: lọ́jọ́ tí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára rẹ̀, a ò ní ra ohun èlò kankan sí i. Ọjọ́ yẹn ló parí."

"Ẹ sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n láìjalè," Ìyá Ìwọ̀n ní. Kò dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n dá ohun ìní rẹ̀ padà fún kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó gbé e.

Wọ́n dá díìsìkì àtijọ́ padà. Ọ̀gá Wáyà fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń dí aláìṣẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ fi ọkọ̀ gbé e dé lọ́sàn-án. Ó tún gun orí dígí náà, iná tẹ́ẹ́rẹ́ tún sáré kọjá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì tún yọ lójú ètò àtijọ́.

"Ṣé kò ní tún sá lọ báyìí?" Aránṣọ bi í.

"Níbo ni yóò gbà? Wọ́n ti mọ ilẹ̀kùn pa."

Tẹ́lẹ̀, wáyà ló ń gbé ẹsẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ ìgbẹ́gi. Wáyà kò sí mọ́. Ìyá Ìwọ̀n fi ẹsẹ̀ náà sínú fílááṣì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó nǹkan jáde lára kọ̀ǹpútà, tí kò tóbi ju èékánná lọ, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì la àgbàlá ilé ìwòsàn kọjá nínú oòrùn. Ó ń kùn lọ, ó ń kùn bọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ gbẹ́ ẹsẹ̀ náà tán, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ibi tí egbò ti wà wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó gbé e sí abẹ́ apá, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e padà sí iyàrá bàtà, ó ṣí fèrèsé, ó so ẹ̀wù iṣẹ́ mọ́ ìdí. Ó rẹ awọ nínú omi títí ó fi rọ̀, ó nà án bo ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ gbẹ́, ó fi eyín di àwọn ìṣó kéékèèké mú, ó sì gbé òòlù.